Kẹ́ ẹ tó da yẹ̀pẹ̀ pupa sí ọgbà ilé-iṣẹ́ yẹn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní wọ́n fẹ́ fi ọgbà ilé-iṣẹ́ tó ti kú ta ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò yín lọ́rẹ, pé ẹ fẹ́ kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi síbẹ̀, tẹ́nìkan sì ti ní kẹ́ ẹ kàn da típà yẹ̀pẹ̀ pupa mẹ́wàá lé e lórí kẹ́ ẹ máa báṣẹ́ lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú sùúrù ná. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ lanlọ́ọ̀dù wa níbí ní Ìlọrin nígbà táwa náà ṣe irú ẹ̀, ojú mi rí tó.

Tiwa ò jìnnà sódò Àsà. Ilé-iṣẹ́ kan ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, ìgbà tíyẹn kógbá wọlé làwọn tó ń ra bátìrì ọkọ̀ tó ti kú háyà ọgbà náà lọ́wọ́ ẹbí tó nilẹ̀, wọ́n ń fọ́ bátìrì, wọ́n ń da ásíìdì inú ẹ̀ nù, wọ́n ń yọ́ òjé ẹ̀ (tóyìnbó ń pè ní lead) lórí iná, àwọn náà tún kó lọ, igbó wá bo ibẹ̀. Ewúrẹ́ ń jẹko níbẹ̀, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ẹbí wá ní kí àdúgbò máa mú un, a fò fáyọ̀, a ò bira wa pé ilẹ̀ tó tóbi tó yẹn, tó kọjú sí títì, kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò rà á láti ọjọ́ yìí wá?

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tá a ṣe, yẹ̀yẹ́ ni. A bu yẹ̀pẹ̀ nídìí gèétì, a bu láàárín, a bu lẹ́yìn, a pò gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú láílọ́ọ̀nù kan, a gbé e lọ sí lábù, èsì jáde pé kò burú. Báwo ni ò ṣe ní dáa? Ẹ bu ata ṣíbí kan sínú odù omi, ta ló máa mọ̀ pé ata wà níbẹ̀.

Ìyá alámàlà tó wà lẹ́yìn fẹ́ńsì ló jẹ́ kí n fura. Ó ní tójò bá ti ń rọ̀ dáadáa, omi kànga òun máa ń dán lójú bí òṣùmàrè, á máa rùn bíi dísẹ́ẹ̀lì, òun máa ń fi igbá gbọ́n ojú ẹ̀ dànù ni kóun tó pọn ọ́n. Mo lọ bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó kàwé nípa ilẹ̀ ní Unilorin, mo rò pé á gbé mẹ́ṣììnì wá ni, àfi bó ṣe ní, ta ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tó ṣì wà láyé? A wá a títí, a rí bàbá tó ṣọ́ gèétì fún wọn, ní Òkèlélé. Bàbá tẹ̀pá wá, ó ń fọ̀pá tọ́ka: ibí ni wọ́n ti ń fọ́ bátìrì, abẹ́ dóńgóyárò yìí ni ààrò tí wọ́n fi ń yọ́ òjé wà, gọ́tà yìí ló gbé ásíìdì lọ sódò, ibí ni táǹkì dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́, abẹ́ ilẹ̀ ló wà, kò sẹ́ni tó wú u. Mo fi báírò ya gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn káàdì ìgbéyàwó kan tó wà lápò mi. Owó ọ̀kadà àti obì la ná lọ́jọ́ yẹn, kò sì sówó tá a ná lẹ́yìn ẹ̀ tó ṣiṣẹ́ tó o.

Ìgbà kejì a bu tibi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, a bu tojú ilẹ̀, a gbẹ́ ẹ wọlé díẹ̀ ká tó bu òmíì, a kọ ibi tá a ti bù ú sára láílọ́ọ̀nù. Tìdí gèétì, òjé inú ẹ̀ ò tó mílígíráàmù 70 nínú kílò yẹ̀pẹ̀ kan. Tabẹ́ dóńgóyárò lé ní 9,000. Ìlànà tí ìjọba wa ṣe fáwọn ilé-iṣẹ́ tó ń wa epo rọ̀bì ní tó bá ti dé 530, kí wọ́n tọ́jú ilẹ̀ náà. Amẹ́ríkà ní tiwọn, ní 2024 wọ́n já a wálẹ̀ láti 400 sí 200 fún ilẹ̀ táwọn èèyàn ń gbé. Abẹ́ dóńgóyárò yẹn ni gólù àwọn ọmọ wa wà o. Ẹ rántí Zamfara ní 2010, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà nínú agboolé, tí òjé inú ẹ̀ pa ọmọ tó lé ní 400. Ọmọ á kàn fọwọ́ pa ilẹ̀, á fọwọ́ sẹ́nu, tí ò bá pa á, ọpọlọ ẹ̀ ló máa bà jẹ́. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kò sí bí òjé ṣe kéré tó lára èèyàn tí wọ́n mọ̀ pé kò léwu.

Òjé àti dísẹ́ẹ̀lì ò sì rìn bákan náà. Òjé, ojú ilẹ̀ ló máa ń dì mọ́, ekuru àti àgbàrá ló ń gbé e kiri. Dísẹ́ẹ̀lì máa ń rì lọ bá omi abẹ́ ilẹ̀, á léfòó lórí ẹ̀, àpáta ló sì wà lábẹ́ Ìlọrin níbí, á gba ojú ibi tí àpáta ti là lọ síbi tẹ́ ò rò. Ẹ yẹ kànga àwọn aládùúgbò wò, ẹ má fi mọ sí tinú ọgbà.

Ibi tó ń dùn mí dòní ni ti típà. Kí èsì kejì tó dé, ariwo ti pọ̀ ní ìpàdé, Mọ́gàjí fúnra ẹ̀ ní a fẹ́ fi lábù jẹ owó àdúgbò ni, ojú tì mí, mo gbà kí kátápílà wá ha ojú ilẹ̀ kúrò. Onítípà ní òun á kó o lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́! Èmi ni mo buwọ́ lù ú. Ó lọ ń tà á fáwọn tó ń wá yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n á fi dí kòtò. Ìgbà tésì dé, a tọpa típà méjì, àgbàrá ti gbé ọ̀kan lọ, ìkejì wà níwájú ilé ìyá opó kan, àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ mẹ́ta ń fi kọ́lé ìṣeré. Èmi ni mo lọ ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ mi tán, nǹkan kan ló bi mí: "Ẹ mọ̀ nígbà yẹn àbí ẹ ò mọ̀?" A fomi wọ́n ọn kó má baà rú ekuru, a fi ṣọ́bìrì kó o padà, a da yẹ̀pẹ̀ tó mọ́ sí i, àdúgbò sanwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà. Òjé inú ẹ̀jẹ̀ èyí tó kéré jù ló ga jù.

Ìyókù ò gùn. A wú táǹkì. Yẹ̀pẹ̀ abẹ́ dóńgóyárò, a kó o sójú kan nínú ọgbà níbẹ̀, lápá òkè tí àgbàrá ò dé, a fi láílọ́ọ̀nù tó nípọn tẹ́ ẹ nísàlẹ̀, a rọ kọnkéré lé e, ṣọ́ọ̀bù àti ibi ìgbọ́kọ̀sí ló wà lórí ẹ̀ báyìí, a sì fi sínú pláànù sọ́fè kẹ́nikẹ́ni má lọ gbẹ́ ṣáláńgá síbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Jẹ́lé-ó-sinmi wà nídìí gèétì. Ò sí kànga nínú ọgbà, ò sẹ́ni tó ń gbin ẹ̀fọ́.

Ẹ má tíì buwọ́ lùwé ọrẹ yẹn o, torí tẹ́ ẹ bá ti gbà á, ìnáwó ẹ̀ ti di tiyín. Amẹ́ríkà ní òfin láti 1980 tí wọ́n fi ń lé ẹni tó ba ilẹ̀ jẹ́ kó wá sanwó ẹ̀. Àwa náà ní NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú kí wọ́n pa òfin àyíká mọ́, láti 2007, àmọ́ àwọn alábátìrì tiwa, fóònù wọn ò lọ mọ́. Yẹ̀pẹ̀ pupa náà ò burú, tẹ́ ẹ bá ti mọ ohun tó fẹ́ bò.

Bàbá ọlọ́dẹ kú lọ́dún tó tẹ̀lé e, káàdì ìgbéyàwó yẹn ṣì wà nínú fáìlì ẹgbẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti rí ẹni tó ṣọ́ gèétì tiyín, ọ̀rọ̀ táǹkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi í.