Ọdún Mẹ́wàá Láàárín Wọn: Ọjọ́ Orí Nínú Eré Ìfẹ́ Àwọn Ará Ṣáínà

Ìbéèrè

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín kú iṣẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí èmi àti àbúrò mi obìnrin ti jọ ń wo eré ìfẹ́ àwọn ará Ṣáínà, àríyànjiyàn kan náà ni a sì ń ṣe lójoojúmọ́. Èmi rí i pé bí ọkùnrin bá dàgbà ju obìnrin lọ nínú eré, kò sí ẹni tí í bi í léèrè, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ obìnrin ni àgbà, gbogbo ìtàn náà á dá lórí ọjọ́ orí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àbúrò mi kò gbà. Ó ní ìfẹ́ ni wọ́n ń fi hàn wá, àti pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kàn ń mú kí ìtàn dùn ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá sí i.

Ìdáhùn

Ẹ̀yin ni ẹ jàre, ṣùgbọ́n àbúrò yín kò jẹ̀bi tán. Èdè àwọn ará Ṣáínà ti fún irú ìfẹ́ tí ẹ ń sọ ní orúkọ tirẹ̀. Jiedilian ni wọ́n ń pè é: jie ni ẹ̀gbọ́n obìnrin, di ni àbúrò ọkùnrin, lian sì ni ìfẹ́. Kí a má sì rò pé wọ́n kórìíra rẹ̀ pátápátá, nítorí òwe wọn kan wà tí ó ní ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá fi ọdún 3 jù ú lọ ti gbá bíríkì wúrà mọ́ra. Ọdún 3 nìyẹn o. Nínú eré méjì tí mo fẹ́ fi dá yín lóhùn, ọdún 10 ni òǹkọ̀wé mú, níbi tí òwe náà kò ti lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ mọ́.

Ẹ wo Find Yourself, tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn Hunan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sáfẹ́fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2020. He Fanxing jẹ́ ẹni ọdún 32, Yuan Song sì jẹ́ ẹni ọdún 22 tí ó wá kọ́ṣẹ́ ní ibi iṣẹ́ obìnrin náà. Ohun tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú eré yìí ni pé ọmọkùnrin náà kò ka ọdún mẹ́wàá yẹn sí rárá. Obìnrin ni ó ń kà á. Òun ni ó ń bẹ̀rù ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, òun ni ó ní kí wọ́n fi ìfẹ́ náà pamọ́, òun náà ni ó sì fi ọmọkùnrin náà sílẹ̀ fún ìgbà kan, tí ó gbìyànjú láti fẹ́ ọkùnrin mìíràn tí ó dàgbà, tí ó sì rí jájẹ. Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ orí ọkùnrin kejì yìí kò di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn. Ibẹ̀ ni ẹ ti jàre.

Ìbẹ̀rù obìnrin yìí kò ṣàdédé wá. Ní ọdún 2007, Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ti orílẹ̀-èdè Ṣáínà ka shengnü mọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tuntun tí ó ti wọ inú èdè wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni obìnrin tí ó ṣẹ́ kù, bí ìgbà tí a ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ tí ẹnìkan jẹ tì, obìnrin tí ó ti lé ní ọdún 27 tí kò tíì lọ́kọ ni wọ́n sì sábà máa ń fi pè. Ọ̀rọ̀ tí ó ń dunni ni, inú mi kò sì dùn láti kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò lè mọ ìdí tí He Fanxing fi ń gbọ̀n. Ó ti fi ọdún 5 kọjá ààlà yẹn kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó sì wá yọjú sí i ṣẹ̀ṣẹ̀ tó ẹni tí òfin gbà láàyè láti gbéyàwó ni, nítorí pé ní Ṣáínà, ọkùnrin gbọ́dọ̀ pé ọdún 22 kí ó tó lè gbéyàwó, nígbà tí obìnrin lè lọ́kọ ní ọdún 20. Òfin pàápàá ti fi ọdún 2 síwájú fún ọkùnrin.

Ní ọdún 2023, eré mìíràn tí wọ́n ń pè ní Nothing But You tún mú 32 àti 22 kan náà, mo sì gbà pé òun ni ó mọ ohun tí ó yẹ kí a fi ọdún mẹ́wàá ṣe. Liang Youan ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ eré ìdárayá. Song Sanchuan jẹ́ eléré badminton tí ó kọjú sí tẹ́níìsì. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò dáadáa. Ẹni ọdún 22 ṣì jẹ́ ọmọdé lójú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n lórí pápá tẹ́níìsì, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ orí yẹn ti pẹ́ dé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń wo obìnrin ẹni ọdún 32 tí ó ní láti tún iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Àwọn méjèèjì ni ayé ti sọ fún pé àkókò ti lọ. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá jókòó bá ara wọn sọ̀rọ̀, a kì í rí àgbà tí ó ń tọ́ ọmọdé, ẹni méjì tí ẹrù kan náà wà léjìká wọn ni a ń rí. Ọdún mẹ́wàá náà ṣì wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó díbọ́n pé kò sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ọ̀tá.

Ní ti ọkùnrin tí ó jẹ́ àgbà, ẹ ní kò sí ẹni tí í bi í léèrè. Ibí ni ọ̀rọ̀ àbúrò yín ti ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Nínú Hidden Love, tí òun náà jáde ní 2023, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n Sang Zhi ni Duan Jiaxu, gege ni ọmọbìnrin náà sì ń pè é, ìyẹn ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, láti ìgbà tí ó ti wà ní ilé-ìwé girama. Àwọn tí ń ṣe eré kò lè fi eré ṣeré níbi tí ọ̀rọ̀ bá dé báyìí, nítorí pé ìlànà tí gbogbo ènìyàn gbọ́ nípa rẹ̀ ní 2016 kò fàyè gba kí eré tẹlifíṣàn máa fi ìfẹ́ àwọn ọmọ tí kò tíì tójúúbọ́ hàn. Ọkàn ọmọbìnrin náà nìkan ni ìfẹ́ ń gbé fún ọdún púpọ̀; ó di ìgbà tí ó wọ yunifásítì kí ọkùnrin náà tó fi ojú mìíràn wò ó, àní nígbà náà, ó tún ń dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

Ìbéèrè wà fún ọkùnrin, nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìbéèrè náà dáadáa. Wọn kì í béèrè bóyá òun ti dàgbà jù. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ṣé ọmọbìnrin náà ti tó. Bí obìnrin bá jẹ́ àgbà, wọ́n á ní ṣé kò ti pẹ́ jù fún un. Nínú méjèèjì, ọjọ́ orí obìnrin ni wọ́n ń kà, ohun tí èmi yóò sì fẹ́ kí ẹ̀yin àti àbúrò yín máa ṣọ́ nìyẹn nígbà tí ẹ bá tún jókòó ti eré.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé mìíràn

Nínú Eternal Love, tí ó jẹ́ eré ìfẹ́ àwọn ẹ̀dá àìkú, obìnrin náà, Bai Qian, ti lo 140,000 ọdún láyé, Ye Hua sì jẹ́ ẹni 50,000. Kí ló dé tí 90,000 ọdún kò fi ba ìfẹ́ náà jẹ́, tí ọdún 10 lásán fi ń da àwọn yòókù láàmú?

Ìdáhùn

Ìdí kan ni pé ojú kò rí i. Nígbà tí eré náà jáde ní 2017, Yang Mi tí ó ṣe Bai Qian ni ó kéré, nítorí 1986 ni wọ́n bí i, wọ́n sì bí Mark Chao tí ó ṣe Ye Hua ní 1984. Ìdí kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ.  Bai Qian sọ fún Ye Hua pé gugu ni ó yẹ kí ó máa pe òun, ìyẹn orúkọ tí a fi ń pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá ẹni lóbìnrin. Ipò ni ó ń tọ́ka sí. Orúkọ yẹn kan náà ni Yang Guo fi ń pe Xiaolongnü nínú The Return of the Condor Heroes, ìtàn tí Jin Yong bẹ̀rẹ̀ sí í kọ sínú ìwé ìròyìn ní 1959. Ọdún díẹ̀ ni obìnrin náà fi jù ú lọ, kò sì sí ẹni tí ó bá wọn jà nítorí rẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà inú ìtàn náà kò lè fara mọ́ ni pé olùkọ́ rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n sì tún ṣe é fún tẹlifíṣàn ní 2006, Huang Xiaoming tí ó ṣe ọmọ-ẹ̀kọ́ fi nǹkan bí ọdún 10 ju Liu Yifei tí ó ṣe olùkọ́ lọ.

Níbi tí ojú kò bá ti gbà, ìtàn á níṣòro. Nínú eré ààfin Ruyi's Royal Love in the Palace ti ọdún 2018, ọba Qianlong, tí wọ́n bí ní 1711, fi ọdún 7 ju ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n gbé ìtàn Ruyi lé lórí lọ nínú ìtàn gidi, ṣùgbọ́n Zhou Xun tí ó ṣe obìnrin náà fi ọdún 5 ju Wallace Huo tí ó ṣe ọba lọ. Ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún, ó sì ní láti bẹ̀rẹ̀ eré náà gẹ́gẹ́ bí ọmọge tí kò tíì pé ogún. Àwọn òǹwòran kùn gidigidi, èmi náà sì kùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìtàn gbé Ruyi dé ọjọ́ orí tí ìbànújẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lójú rẹ̀, n kò lè fojú inú rí òṣèré mìíràn ní ipò náà mọ́.