Wọ́n ní àbúrò mi ló pa ọ̀gá rẹ̀: kí ni agbẹjọ́rò lè ṣe?

Ìbéèrè: Àbúrò mi obìnrin ń tọ́jú màmá arúgbó kan ní ilẹ̀ òkèèrè, inú ilé màmá náà ló sì ń gbé. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ti ọjà dé, ó bá wọn nílẹ̀ ilé ìdáná, ọ̀bẹ ti gún wọn láyà. Ó gbé wọn mọ́ra, ó ń pariwo. Òun ló pe ọlọ́pàá, òun náà ni wọ́n mú. Wọ́n ní ojú ìka rẹ̀ wà lára ọ̀bẹ, ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ rẹ̀, màmá sì jẹ ẹ́ lówó oṣù méjì. Ó ti fọwọ́ sí ìwé kan tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin rèé. Kí ni agbẹjọ́rò lè rí ṣe sí i? Ṣé kí àwa ẹbí lọ bẹ àwọn ọmọ màmá náà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ló lè ba nǹkan jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ẹ má lọ bẹ àwọn ọmọ màmá, ẹ má sì rán ẹnikẹ́ni sí wọn. Lójú tiwa, ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Èèyàn lè bẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè rọlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kan nínú wọn bá dúró níwájú adájọ́ tó ní "ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá kúnlẹ̀ fún wa", ta ni yóò tún gbà pé ẹ kò mọ̀ pé ó jẹ̀bi? Bí ẹ bá fẹ́ bá wọn kẹ́dùn, kí agbẹjọ́rò kọ lẹ́tà kúkúrú, kó má sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ nípa ẹjọ́. Ẹ má gbé nǹkan kan sórí Facebook pẹ̀lú.

Ó wá ku iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ohun tó mú kí irú ẹjọ́ yìí le ni pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ilé kò lè ṣe kó má ní àmì nínú ilé. Òun ló ń fọ ọ̀bẹ, òun ló ní kọ́kọ́rọ́, òun ló sábà máa ń rí ọ̀gá kẹ́yìn, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ bá òkú. Tí wọ́n bá to gbogbo èyí jọ, á dà bíi pé ọwọ́ ti tẹ apànìyàn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí wọ́n tò jọ kò ju iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lọ. Agbẹjọ́rò tó mọṣẹ́ yóò mú ẹ̀rí wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì béèrè pé: ṣé ìpànìyàn nìkan ló lè fa èyí, àbí iṣẹ́ ilé náà lè fà á?

Ẹnu rẹ̀ ló ṣáájú. Láti ìsinsìnyí, kó má dáhùn ìbéèrè kankan mọ́ láìjẹ́ pé agbẹjọ́rò jókòó tì í. Gbólóhùn kan ti tó: "Mo fẹ́ rí agbẹjọ́rò mi, n kò ní sọ nǹkan kan títí yóò fi dé." Ẹni tí kò jẹ̀bi máa ń rò pé òun kàn fẹ́ ṣàlàyé ni. Yóò ní òun jáde ní agogo 2, nígbà tó jẹ́ pé ó ku ogún ìṣẹ́jú kí agogo 2 lù ló jáde, wọn á sì sọ àṣìṣe yẹn di irọ́. Kó má sọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ fún àwọn tí wọ́n jọ wà ní àtìmọ́lé, kó má sì sọ ọ́ lórí fóònù ibẹ̀, torí wọ́n máa ń gba ohùn sílẹ̀.

Ní ti ìwé tó ti fọwọ́ sí, ọ̀nà ṣì wà. Agbẹjọ́rò yóò béèrè èdè tí wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀, ẹni tó ṣe ògbufọ̀, bóyá wọ́n gbohùn sílẹ̀, bóyá wọ́n kà á sí i létí kó tó fọwọ́ sí i, iye wákàtí tó ti wà láìsùn. Ibi ìtumọ̀ ni kó ti fi ojú sílẹ̀ jù. Ẹ wo ohun tí ọmọ Yorùbá èyíkéyìí lè fi ẹkún sọ: "Màmá kú mọ́ mi lọ́wọ́." Àwa mọ̀ pé ohun tó ń sọ ni pé ìgbà tí wọ́n wà ní ìtọ́jú òun ni ikú dé. Ògbufọ̀ tí Yorùbá rẹ̀ kò jinlẹ̀ lè kọ ọ́ pé ọwọ́ òun ló pa màmá. "Èmi ni mo fà á, ǹ bá má ti jáde" ńkọ́? Ìdárò ni lẹ́nu rẹ̀. Lórí ìwé, ìjẹ́wọ́ ni. Kí agbẹjọ́rò gba ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, kó wá ẹni tí Yorùbá jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ láti tún un tú ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí onítọ̀hún sì wá jẹ́rìí ní kóòtù. Tó bá jẹ́ ìyà, ìhàlẹ̀ tàbí ìlérí ni wọ́n fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, yóò bẹ adájọ́ kó má gba ìwé náà wọlé rárá.

Ẹ̀tọ́ ni gbogbo èyí, kì í ṣe àánú. Àdéhùn Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Aráàlú àti Ẹ̀tọ́ Òṣèlú ti 1966, tí orílẹ̀-èdè tó lé ní 170 ti wọ̀, sọ ọ́ ní abala 14 pé aláìjẹ̀bi ni títí wọn yóò fi fi ẹ̀rí hàn, pé kí wọ́n fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní kóòtù tí kò bá gbọ́ èdè ibẹ̀, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fipá mú un jẹ́rìí ta ko ara rẹ̀. Níwọ̀n bó ti jẹ́ àlejò níbẹ̀, abala 36 nínú Àdéhùn Vienna ti 1963 lórí iṣẹ́ ọ́fíìsì aṣojú orílẹ̀-èdè ní kí wọ́n sọ fún un láìjáfara pé ó lè ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ òun tó ọ́fíìsì aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ létí. Òun fúnra rẹ̀ ló máa béèrè. Kí agbẹjọ́rò rí i pé ó béèrè.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀bẹ yẹn. Ojú ìka kì í sọ ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ibi tó wà ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń fọ ọ̀bẹ máa ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú irin rẹ̀; ẹni tó fẹ́ gún èèyàn máa ń fi gbogbo ọwọ́ di èèkù mú. Tí ìka rẹ̀ bá wà lára irin tí kò sì sí lára èèkù, tàbí tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ṣàn bo ojú ìka tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nítorí náà, kí agbẹjọ́rò má gba ìròyìn ojú ewé kan. Fọ́tò ojú ìka náà gan-an ni kó béèrè, kí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ mìíràn sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 2004, FBI, ọlọ́pàá aṣèwádìí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, mú agbẹjọ́rò kan ní Oregon pé ojú ìka rẹ̀ wà lára ọ̀rá tí wọ́n rí lẹ́yìn bọ́ǹbù ọkọ̀ ojú irin ní Madrid. Ọlọ́pàá Sípéènì ló wá rí ẹlòmíràn tó ni ìka náà, FBI sì tọrọ àforíjì.

Ti ẹ̀jẹ̀ ara aṣọ kò yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ta sí èèyàn lára máa ń wà ní tótòtó kéékèèké. Èyí tó nù mọ́ni lára nígbà tí a kúnlẹ̀, tí a gbé èèyàn mọ́ra, máa ń fẹ̀, á wà ní orúnkún, àyà àti apá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀jẹ̀ máa ń ta sí ẹni tó fi ọ̀bẹ gún èèyàn, kí agbẹjọ́rò má ṣe gbé gbogbo ẹjọ́ lé èyí nìkan. Kó wádìí bí wọ́n ṣe tọ́jú aṣọ náà: ó yẹ kó gbẹ, kí wọ́n sì fi sínú àpò bébà. Tí wọ́n bá dì í sínú ọ̀rá ní tútù, á bu, DNA (àmì ìdánimọ̀ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, itọ́ àti awọ ara èèyàn) tó wà lára rẹ̀ á sì bàjẹ́.

Tí wọ́n bá ní ó fọ ẹ̀jẹ̀ nù nílẹ̀, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe mọ̀. Luminol, oògùn tí wọ́n ń fọ́n sílẹ̀, máa ń tàn nínú òkùnkùn níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti kan ilẹ̀. Ó ń tàn lórí bílíìṣì náà. Ẹni tó ń fi bílíìṣì nu ilé ìdáná lójoojúmọ́, ilẹ̀ rẹ̀ lè tàn láìsí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Àyẹ̀wò kejì tó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni ló lè yanjú ẹ̀.

DNA náà ńkọ́? DNA ẹni tó ń gbé inú ilé wà níbi gbogbo nínú ilé. Ó sì lè rìn. Ní California ní 2012, wọ́n bá DNA ọkùnrin kan ní èékánná ẹni tí wọ́n pa, nígbà tó jẹ́ pé ilé ìwòsàn ni ọkùnrin náà sùn mọ́jú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó gbé e ní alẹ́ yẹn ló tún lọ fọwọ́ kan òkú náà. Ó lò ju oṣù márùn-ún lọ ní ẹ̀wọ̀n. Ní Jámánì, ọlọ́pàá ń wá obìnrin kan tí DNA rẹ̀ wà ní nǹkan bí ibi ìwà ọ̀daràn 40, títí kan ibi tí wọ́n ti pa ọlọ́pàá obìnrin kan ní Heilbronn ní 2007. Ní 2009 ló tó hàn pé òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe òwú tí wọ́n fi ń gba DNA ló ti fọwọ́ ba òwú náà.

Àkókò ni òpó ẹjọ́ yìí. Òkú máa ń tutù ní nǹkan bí 1°C ní wákàtí kan, àmọ́ arúgbó tó rù lórí ilẹ̀ tútù lè yára jù bẹ́ẹ̀. Líle ara máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 2 sí 4, á gba gbogbo ara ní nǹkan bí wákàtí 12. Kò sí èyí tó ń sọ ìṣẹ́jú. Tí dókítà bá ní agogo 3 géérégé ni màmá kú, kí agbẹjọ́rò béèrè ìgbà tí wọ́n wọn ìgbóná ara wọn àti bí yàrá náà ṣe tutù tó. Lẹ́yìn náà, kó to ìrìn àbúrò yín sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú: ìwé ẹ̀rí ìsanwó ọjà, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, àkọsílẹ̀ ìpè fóònù, kámẹ́rà ọ̀nà àti ti ilé ìtajà. Kámẹ́rà ló ń kánjú jù, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń pa fídíò àtijọ́ rẹ́ láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kí lẹ́tà tó ní kí wọ́n tọ́jú fídíò ọjọ́ Mọ́ńdè jáde lónìí. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ó di dandan kí agbẹjọ́rò fi tó ìjọba létí ṣáájú ìgbẹ́jọ́ pé ibòmíràn ni oníbàárà òun wà. Tó bá pẹ́, wọ́n á ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hun ún ni.

Tó bá ti ọjà yà síbòmíràn tí kò fẹ́ kí ẹ mọ̀, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́kùnrin ni o, níbi iṣẹ́ kejì ni o, kó sọ fún agbẹjọ́rò. Agbẹjọ́rò kò gbọ́dọ̀ tú àṣírí oníbàárà rẹ̀. Irọ́ kékeré tó fi bo ìtìjú lè gba ẹ̀rí tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti gbèsè oṣù méjì, wọ́n á pè é ní ìdí tó fi pa wọ́n. Ẹ kó àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tó fi béèrè owó rẹ̀ fún agbẹjọ́rò, kódà èyí tó bínú kọ. Ó sàn kó kọ́kọ́ rí i ju kí ìjọba fi yọ sí i lójijì lọ. Kó tún kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ilé náà. Kò pọn dandan kó mú apànìyàn jáde. Kó ṣáà fi hàn pé ọlọ́pàá kò wá ẹlòmíràn. Kí ẹ má sì fẹ̀sùn kan ọmọ màmá kankan láìní ẹ̀rí.

Ìjọba ló ni ẹrù ẹ̀rí. Níbi tí òfin bá ti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, ìdájọ́ tí wọ́n dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1935 nínú ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Woolmington ló fìdí èyí múlẹ̀. Tí ìjọba bá parí ẹ̀rí tiwọn tí kò sì tó, agbẹjọ́rò lè bẹ kóòtù kó tú u sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó sọ ohunkóhun.

Ohun méjì kò lè dúró. Kí agbẹjọ́rò béèrè fún dókítà mìíràn láti yẹ òkú wò kí wọ́n tó sin ín tàbí sun ún: bí ojú ọgbẹ́ ṣe jìn tó, ibi tí ọ̀bẹ gbà wọlé, ohun tó wà lábẹ́ èékánná màmá. Èkejì ni ọwọ́ àbúrò yín. Ọwọ́ ẹni tó ń fi ọ̀bẹ ìdáná gún èèyàn lè yọ̀ wá sórí irin, kí ọ̀bẹ sì gé e ní àtẹ́lẹwọ́ tàbí ní ìka. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, kí dókítà ya fọ́tò àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì àti ẹ̀yìn ọwọ́ lónìí, kí ọjọ́ àti agogo hàn lórí fọ́tò náà.