Katakata àtijọ́ mi ń pariwo láìrìn: ṣé pílétì kílọ́ọ̀ṣì ló ti tán?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Massey Ferguson 135 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo fi ń túlẹ̀ lọ́nà Ifẹ̀wàrà. Lójú títì, ó ń sáré dáadáa. Bí irin ìtúlẹ̀ bá ti wọlẹ̀ báyìí, ẹ́ńjìnnì á máa pariwo, táyà ò ní yí. Mẹkáníìkì ní kí n lọ ra pílétì tuntun. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú oko o. Ẹ má tíì rà á. Kílọ́ọ̀ṣì yín, ìyẹn ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí gíábọ́ọ̀sì, ń yọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pílétì tó tán nìkan kọ́ ló ń fa ìyẹn.

Ẹ fi ọwọ́ tẹ pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì, ẹ má fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kó kọ́kọ́ rọ̀ wọlé díẹ̀ kó tó le sí yín lọ́wọ́. Bí pílétì bá ṣe ń jẹ, àwọn ìka irin inú kílọ́ọ̀ṣì á máa sún bọ̀ wá bá bẹ́ríǹgì tí pẹ́dà ń tì, àyè kékeré yẹn á sì máa dín kù. Bí àyè náà bá tán pátápátá, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Pílétì tó ṣì nípọn á máa yọ̀, ooru á sì jó o. Bóòtù kan ló di pẹ́dà mọ́ ọ̀pá rẹ̀: ẹ dẹ̀ ẹ́, ẹ yí pẹ́dà díẹ̀ kí àyè náà padà wá, kí ẹ tún un dè. Ìwọ̀n rẹ̀ wà nínú ìwé katakata náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú rẹ̀. Ẹ fa bíréèkì, ẹ fi í sí jíà tó ga jù, ẹ rọra tú pẹ́dà sílẹ̀. Ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì kú. Bí kò bá kú, ẹ pa á kíá, kí ẹ má baà jó pílétì.

Ẹ wá wo ihò kékeré abẹ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ti pàdé. Bí ọ́ìlì bá ń kán níbẹ̀, síìlì, ìyẹn rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì, ló ti bàjẹ́. Ẹnì kan gbé tirẹ̀ wá bá mi láti Ìpetumodù lẹ́yìn tó ti ra pílétì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dùn mí gan-an, torí síìlì ẹ́ńjìnnì ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Pílétì tó ti mu ọ́ìlì, kò sí bẹntiróòlù tó lè fọ̀ ọ́ mọ́.

Tó bá di dandan láti tú u, ẹ rántí pé 135 ò ní ṣáásí. Ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì gan-an ni egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fi igi há àárín ẹ́ńjìnnì àti áṣù iwájú lọ́tùn-ún lósì kó má baà dojú dé, kí ẹ fi igi líle gbé ìhà méjèèjì dúró. Jáàkì nìkan ò tó. Ẹ má fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ fẹ́ eruku inú rẹ̀: ọdún 1964 ni irú 135 kọ́kọ́ jáde, asbestos sì wà nínú ọ̀pọ̀ pílétì ayé ìgbà yẹn, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ pààrọ̀ bẹ́ríǹgì àti síìlì pọ̀ mọ́ pílétì. Bí kílọ́ọ̀ṣì yín bá jẹ́ oníbejì, pílétì méjì ló wà níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ń tà á.

Bí ẹ bá rí ọ́ìlì nínú ihò náà, ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ sọ bóyá ó dúdú tàbí ó ki, kí n lè mọ síìlì tó bàjẹ́.