Ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń purọ́: ṣé ẹgba ló máa tún un ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́rin ni. Ó fi bírò kọ gbogbo ara ògiri, bírò ọ̀hún ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí mo bi í pé ta ló kọ ọ́. Ó ní òun kọ́, àbúrò òun ni. Àbúrò rẹ̀ ọ̀hún kò tíì mọ ìrìn. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Bàbá wọn ní ká tètè fi ẹgba tún un ṣe kó tó di bárakú. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ mi ti ń bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ọmọ yín kò bàjẹ́. Ohun tó ṣe yìí wọ́pọ̀ gan-an láàárín ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìbéèrè tẹ́ ẹ bi í wà lára ohun tó fa irọ́ yẹn. Màá ṣàlàyé.

Lọ́dún 1989, Michael Lewis, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ọmọdé, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà dán ọmọ 33 wò, tí wọ́n tó bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Wọ́n gbé ohun ìṣeré sẹ́yìn ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kó má wẹ̀yìn, wọ́n sì jáde. Kámẹ́rà tí wọ́n fi pa mọ́ ń ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ 29 ló wẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n bi àwọn 29 yìí bóyá wọ́n wò ó, ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́wọ́, ìdá 38 sẹ́, àwọn tó kù kò fèsì rárá. Ẹ rí i pé kí ọ̀rọ̀ irọ́ tó dé, ìkóra-ẹni-níjàánu ló kọ́kọ́ kùnà: ọmọ ọjọ́ orí yẹn gbọ́ òfin, ó yé e, àmọ́ agbára láti fi í dá ara rẹ̀ dúró ló ṣì kéré.

Kí ló wá dé tí irọ́ fi máa ń le sí i lẹ́yìn ọdún mẹ́ta? Kéèyàn tó lè purọ́, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tí òun mọ̀ lè má sí lọ́kàn ẹlòmíì. Heinz Wimmer àti Josef Perner ló ṣe ìdánwò tó fi èyí hàn lọ́dún 1983. Wọ́n sọ fáwọn ọmọdé pé ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Maxi tọ́jú ṣokoléètì rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù kan, ó jáde lọ, ìyá rẹ̀ sì gbé e sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Níbo ni Maxi máa wá a sí? Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta máa tọ́ka sí ibi tí ṣokoléètì wà báyìí, torí pé àwọn fúnra wọn mọ̀ ọ́n. Láti bí ọdún mẹ́rin sí márùn-ún ni wọ́n ń sọ pé ibi tó fi í sí ló máa lọ. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2015, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta ní Ṣáínà tí kò tíì mọ irọ́ pa ní irú ìrònú yìí gan-an, àwọn ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ láti borí nínú eré. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ yín ní òun kọ́, ohun tó ń rò ni pé, "Mọ́mì ò sí níbẹ̀, wọn ò rí mi." Ìrònú tuntun nìyẹn jẹ́ fún un.

Èyí tí kò tíì mọ̀ ni bí ìyókù ọ̀rọ̀ ṣe máa bá irọ́ náà mu. Victoria Talwar àti Kang Lee, láti Kánádà, rí i lọ́dún 2002 pé ọmọ tó bá sẹ́ pé òun ò wo ohun ìṣeré ṣì máa ń dárúkọ rẹ̀ gérégé bí wọ́n bá ní kó méfò ohun tó jẹ́, pàápàá àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Nínú àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà sí méje, bí ìdajì ló mọ bí a ṣe ń díbọ́n pé òun ò mọ̀ ọ́n. Bírò lọ́wọ́, kó sì di ẹ̀bi ru ọmọ tí kò lè rìn: irọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin gẹ́lẹ́ ni.

Ó kan ọ̀rọ̀ ẹgba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí sétí bàbá wọn. Talwar àti Lee ṣe irú ìdánwò ohun ìṣeré yìí fáwọn ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ní ilé ìwé méjì ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2011. Ní ọ̀kan, wọ́n ń fi igi na ọmọ, wọ́n ń gbá a lórí, wọ́n ń já a léèékánná. Ní èkejì, ìbáwí ẹnu ni, tàbí kí wọ́n ní kó lọ jókòó lọ́tọ̀. Àwọn tí wọ́n ń nà ló purọ́ jù, àwọn ni wọ́n sì mọ irọ́ wọn bò dáadáa. Òótọ́ ni pé ilé ìwé méjì péré nìyẹn, àmọ́ ìwádìí míì lọ́dún 2015, tí wọ́n fi ọmọ 372 ṣe, láti ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ, fara mọ́ ọn: bí wọ́n bá ti fi ìyà halẹ̀ mọ́ ọmọ ṣáájú ìbéèrè, òtítọ́ ń dín kù ni. Èrò tèmi ni pé ẹgba máa kọ́ ọmọ yín láti fi bírò pa mọ́ nígbà míì. Kò ní kọ́ ọ láti jẹ́wọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè. "Ta ló kọ èyí?" Ẹ ti mọ ẹni tó kọ ọ́. Ohùn yín ti le, ojú yín ti yí padà, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọmọ sì rí láti bọ́ nínú ìbínú yẹn ni kó ní òun kọ́. Nítorí náà, ohun tẹ́ ẹ bá ti mọ̀, ẹ má béèrè rẹ̀. Ẹ sọ ọ́: "Mo rí i pé o kọ nǹkan sára ògiri. Orí ìwé la ti ń lo bírò. Ó yá, wá bá mi nu ún." Ẹ fún un ní àkísà tó lọ́rinrin, kẹ́ ẹ jọ nu ún fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Kò pọn dandan kó mọ́ tán, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ọwọ́ rẹ̀ ló fi ṣàtúnṣe. Bírò á wá kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, torí pé bí ìdẹwò bá ṣe dín kù ni irọ́ náà ṣe ń dín kù.

Bí ẹ ò bá mọ ẹni tó ṣe é ńkọ́? Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín ba ojú rẹ̀, kẹ́ ẹ ní, "Sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi." Ẹ dákẹ́, ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá nínú ọkàn yín. Ẹ má ṣe bi í ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣàṣìṣe, torí ọmọdé máa ń rò pé bí àgbàlagbà bá tún béèrè, ìdáhùn àkọ́kọ́ ò tọ̀nà ni, á sì yí i padà, kódà bó jẹ́ òótọ́ ló kọ́kọ́ sọ.

Tó bá sì jẹ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ ohunkóhun nípa ògiri. Àtúnṣe ò yẹ̀, á ṣì nu ún, àmọ́ kó má sí ìyà kankan lórí rẹ̀. Èyí tó ń ba nǹkan jẹ́ jù ni kéèyàn ní, "Sọ òótọ́, mi ò ní bínú," kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lẹ́yìn tọ́mọ sọ̀rọ̀ tán. Bí ẹ bá mọ̀ pé inú á bí yín, ẹ má ṣèlérí.

Ìtàn tí à ń sọ fún ọmọ pẹ̀lú níṣẹ́ tó ń ṣe, bí a bá yan èyí tó yẹ. Lee àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ka ìtàn fáwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí méje nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2014. Ìtàn Pinocchio, ọmọlangidi onígi tí imú rẹ̀ ń gùn bó bá ti purọ́, àti ti ọmọ tó ń fi irọ́ pariwo pé ìkookò dé títí tí ìyà fi jẹ ẹ́, kò dín irọ́ kù. Ìtàn George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ní ó jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé pé òun gé igi, tí bàbá sì yìn ín, ló mú kí ọmọ púpọ̀ sí i sọ òótọ́. Nígbà tí wọ́n yí i padà, tó wá dá lórí ìyà tí irọ́ ń fà dípò èrè òótọ́, kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Bí ọmọ yín bá ní kìnnìún wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tàbí pé òun fò dé òkè ilé, ẹ má pe ìyẹn ní irọ́. Eré ni.

Ìgbà wo ló yẹ kẹ́ ẹ wá ìrànlọ́wọ́? Bó bá ti lé ní ọdún méje, tí irọ́ rẹ̀ ń ṣe ẹlòmíì níbi nílé àti níléèwé, tí olè jíjà tàbí ìjà sì bá a rìn, ẹ lọ rí onímọ̀ nípa ìhùwàsí ọmọdé. Bí ọmọ tó máa ń sọ̀rọ̀ bá ṣàdédé di ẹni tó ń fi nǹkan pa mọ́, tí ẹ̀rù ẹnì kan ń bà á, tàbí tó ní àgbàlagbà kan ní kóun má sọ fún mọ́mì, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì. Ẹ má fi ìbéèrè yí i ká. Ẹ gbọ́ èyí tó bá sọ fúnra rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ẹ rí i pé kò sí lọ́dọ̀ ẹni náà mọ́, kẹ́ ẹ sì gbé ìwé yẹn lọ bá dókítà tàbí òṣìṣẹ́ tó ń dáàbò bo ọmọdé.