Ẹ rán ẹni tí yóò wo ilé náà lọ́jọ́ òjò

Àǹtí wa ní Manchester, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù. Ẹ ní ajẹ́ńtì fi fídíò ilé oníyàrá mẹ́ta kan ránṣẹ́ sí yín láti Àkúrẹ́, pé ilé náà wu ẹ̀yin àtọkọ yín, owó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ẹ wá ń bèèrè ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò, torí pé ilé àkọ́kọ́ yín nìyẹn. Èmi náà ti òkèèrè ra tèmi, ojú mi sì rí nǹkan kí n tó rà á.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ táìlì àti sílíìnì POP yẹn tì ná. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ á pààrọ̀ ìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ibi tí ilé jókòó sí àti ẹni tó ni ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni owó kì í rí ṣe mọ́ téèyàn bá ti rà á tán.

Ilé tí mo kọ́kọ́ fẹ́ rà wà ní ìsàlẹ̀ kan tí kò jìnnà sí odò Àlà. Nínú fídíò, ó ń dán gbinrin. Àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Òkè-Àró ló bá mi lọ wò ó nínú oṣù kẹsàn-án, láàárọ̀ ọjọ́ kejì òjò ńlá kan. Wọ́n ò tiẹ̀ wo yàrá. Ẹ̀yìn àga gígùn tí wọ́n tì mọ́ ògiri pálọ̀ ni wọ́n lọ tààrà, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn sún un. Ọ̀dà ibẹ̀ ti wú, àmì omi sì fa ìlà gbọọrọ ní ìwọ̀n orúnkún. Wọ́n fi èékánná ha á, sìmẹ́ńtì ń dà sílẹ̀ bíi gàrí. Ajẹ́ńtì ní àwọn ọmọdé ló da omi síbẹ̀. Àbúrò ìyá mi ní, “Àwọn ọmọ yẹn mà fara balẹ̀ o. Wọ́n da á yí pálọ̀ ká, wọn ò fi igun kan sílẹ̀.” Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ilé yẹn parí sí.

Torí náà, ẹ rán ẹni tí kò ní jẹ nínú owó náà, kó lọ lẹ́yìn òjò. Kó wo ibi tí gọ́tà ń da omi sí, kó sì bi ìyá tó ń tajà ní iwájú ilé bóyá omi máa ń wọlé. Ti kànga tún yàtọ̀ síyẹn, ìgbà ẹ̀rùn ni ojú rẹ̀ máa ń hàn. Ilẹ̀ Àkúrẹ́ kún fún àpáta. Àwọn tó gbẹ́ kànga kan òkúta tí wọ́n sì ṣíwọ́ pọ̀ níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní kànga wà, kí ẹni yín ju garawa sí i, kó wo ohun tó gbé bọ̀. Kó tún wo bí ṣalangá ṣe jìnnà sí i tó.

Ti iná, ẹ bèèrè báńdì tí adúgbò náà wà, ìyẹn ìpele tí wọ́n fi wákàtí iná pín àdúgbò sí. Band A ni wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún, iná rẹ̀ sì ti gbówó lórí gan-an láti oṣù kẹrin ọdún 2024. Ẹ bèèrè bóyá ilé náà ní mítà tirẹ̀, àti bóyá gbèsè iná wà nílẹ̀.

Ìwé ilé ló gba sùúrù jù. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti dé, gómìnà ló di gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú fún aráàlú. Bí ẹni tó ń tà bá tiẹ̀ ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tí ìjọba ń fún èèyàn, ẹ ṣì máa gba ìyọ̀ǹda gómìnà kí ilé náà tó di tiyín délẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ní Àkúrẹ́ ni kò ní C of O rárá, rìsíìtì ẹbí, àgírímẹ́ǹtì àti sọ́féè, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n wọ̀n, ni wọ́n ní. Èmi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ sá fún irú ilé bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ má san owó oní-C of O fún un. Ẹ wá sọ́féyọ̀ tiyín, kì í ṣe ti ajẹ́ńtì. Kó mú nọ́ńbà inú sọ́féè náà lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Alágbàká, kó wò ó bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà. Lọ́yà yín náà á wo ìwé níbẹ̀, bóyá wọ́n ti fi ilé náà dúró fún owó báńkì.

Ẹ ní bàbá tó kọ́ ọ ti kú, àwọn ọmọ ló ń tà á. Ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ti la ojú yín. Ìdí igi mélòó ni bàbá ní, ìyẹn ìyàwó mélòó ló bímọ fún un? Tó bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn nínú ìwé. Òfin ò ka títà tí olórí ẹbí kò bá lọ́wọ́ sí kún rárá, bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí yòókù gbọ́, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ lọ bì í ṣubú. Ẹ bèèrè ìwé tí ilé ẹjọ́ gíga fi yàn wọ́n láti máa bójú tó ogún bàbá wọn. Tí wọ́n bá ní “a jọ gbọ́ra wa yé ni,” ẹ kí wọn dáadáa, kẹ́ ẹ máa lọ.

Nípa power of attorney, ìyẹn ìwé tí èèyàn fi ń yan ẹni tó máa ṣojú rẹ̀, tí ajẹ́ńtì ní kẹ́ ẹ fún òun, ẹ má ṣe é. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó bá dá yín lójú ni kẹ́ ẹ fún, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i níwájú notary níbẹ̀ yẹn, kó sì wà nínú rẹ̀ gbangba pé kò lè ta ilé náà. Lọ́yà kan kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ẹ̀yin àti ẹni tó ń tà. Orúkọ tó wà nínú ìwé ilé ni kó wà lórí àkáǹtì tẹ́ ẹ máa sanwó sí. “Ẹlòmíì ń bọ̀ wá sanwó lọ́la” tí ajẹ́ńtì ń sọ yẹn, ó sọ ọ́ fún èmi náà. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ilé yẹn ṣì wà lọ́jà.

Ẹ tún ní ẹ rí aṣọ lórí okùn nínú fídíò. Ayálégbé nìyẹn. Ẹ má san àṣekágbá owó títí wọ́n á fi kó jáde.

Kí n bi yín ná, ṣé wọ́n tiẹ̀ ya ẹ̀yìn ilé nínú fídíò yẹn? Tí wọn ò bá yà á, kí ẹni tẹ́ ẹ máa rán ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.