Ṣé inú ìtàn Mọ́remí ni wọ́n ti mú The Hunger Games, ìwé ìtàn àròsọ tí wọ́n ti ń fipá mú àwọn ọ̀dọ́ láti pa ara wọn nínú ìdíje?

Rárá, ìtàn Theseus ti àwọn Gíríìkì ni Suzanne Collins tó kọ ìwé náà sọ pé òun ti mú un: Athens ní láti fi ọ̀dọ́kùnrin 7 àti ọ̀dọ́bìnrin 7 ránṣẹ́ sí ọba erékùṣù Crete, kí ẹranko abàmì kan pa wọ́n jẹ. Ó tún ní bí òun ṣe ń yí ìkànnì tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ kan, ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àti ogun Ìráàkì dà pọ̀ mọ́ra lójú òun. Bàbá rẹ̀, ológun òfúrufú, lọ sójú ogun Vietnam. Ọdún 2008 ni ìwé náà jáde.

Ẹni tó bá mọ ọdún Ẹdì n'Ífẹ̀ lè rántí Olúorogbo, ọmọ Mọ́remí tí wọ́n fi rúbọ, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ló jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún odò. Kò sí ọba ilẹ̀ òkèèrè tó fipá gbà á.