Kírìjì: ìró ìbọn ni, àbí ogun abẹ́lé tó gùn jù láyé?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹgbẹ́ wa níbí ní Adó-Ẹkìtì fẹ́ tẹ pólò fún ìpàdé ọdún. Ohun tí a fẹ́ kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ni 'Kírìjì, ogun abẹ́lé tó gùn jù lágbàáyé, 1877–1893'. Tíṣà kan wà láàárín wa tó ní irọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń di ìjà. Ẹ bá wa dá a. Kí ni ìtumọ̀ Kírìjì gan-an? Kí ni Ẹkìtì Parapọ̀? Ṣé òótọ́ ni pé kò sí ogun abẹ́lé tó gùn tó o?"

Ìdáhùn: Àbúrò, tíṣà yín ló jàre. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un kó má tíì máa fi yangàn, torí ó ku ibì kan nínú gbólóhùn yín tí òun náà kò tíì fọwọ́ bà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Kírìjì kì í ṣe orúkọ ìlú, kì í sì í ṣe orúkọ akọni. Ìró ìbọn ni, èyí tó dún nínú ogun tí Ẹkìtì Parapọ̀ bá Ìbàdàn jà. Àwa Yorùbá kì í pẹ́ fi bí nǹkan ṣe dún sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ bí alùpùpù ṣe ń dún kò wá ìwé kankan lọ kó tó mọ ohun tí yóò pè é. Ẹ pe Kírìjì sókè, ẹ pè é jẹ́jẹ́. "Kí", ohùn òkè, ibẹ̀ ni ìbọn ti bú. "Rì-jì", ohùn ìsàlẹ̀ méjì, ìyẹn ni ariwo náà tó ń yí lọ láàárín àwọn òkè. Ẹni tó bá ti dúró ní ẹsẹ̀ òkè nílẹ̀ Ẹkìtì nígbà tí àrá ń sán mọ ohun tí mò ń wí. Àrá kì í dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀: òkè kan á gbà á, á jù ú sí èkejì, èkejì á tún dá a padà.

Ọjọ́ kan ni mo jókòó sí ìsọ̀ oníyán kan ní Adó, à ń dúró de oúnjẹ. Àwọn obìnrin mẹ́ta yí odó ńlá kan po lẹ́yìn ilé, ọmọ odó ń bọ́ sílẹ̀ léraléra, kò bá ara wọn mu, kò sì kọlu ara wọn. Bàbá kan tó ń ṣàlàyé ogun yìí fún wa dá ọ̀rọ̀ dúró, ó na ìka sí ẹ̀yìn ilé: "Ẹ ń gbọ́ ìyẹn? Ẹ wá fi ẹ̀tù sí i." Láti ọjọ́ náà ni n kò ti nílò àlàyé mìíràn.

Ìbọn wo ló wá ń dún bẹ́ẹ̀? Ṣakabùlà ni gbogbo ayé ń lò ní ilẹ̀ wa tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n ń da ẹ̀tù sí láti ẹnu, tí wọ́n á fi ọ̀pá kì í, tí wọ́n á tó wá ibi tí wọn yóò fara pamọ́ sí. Ẹni tó bá yìn ín tán ti di ẹran fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti ọmọ Ẹkìtì tó wà ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tó gba òmìnira tí wọ́n padà wálé, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Ẹkìtì Parapọ̀. Àwọn ló rí sí i pé ìbọn ìgbàlódé, èyí tí wọ́n ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn, dé ojú ogun. Ó bọ́ sí Òndó, ó gba ibẹ̀ gòkè, torí ọ̀nà Òndó ṣí sílẹ̀ nígbà náà. Ìbàdàn ní tirẹ̀, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti dí ọ̀nà òkun mọ́ ọn; àti rí ẹ̀tù àti ìbọn wálé di ìyọnu. Ẹ ò rí nǹkan? Àwọn tí a ń pè ní ará òkè, tí wọ́n ti ń fi ajẹ́lẹ̀ fìyà jẹ láti ìgbà pípẹ́, àwọn ló kọ́kọ́ ní ohun tó ń dún kírìjì lọ́pọ̀ yanturu.

Mo dárúkọ ajẹ́lẹ̀, kí n tètè ṣàlàyé rẹ̀, torí láìsí òun ogun náà kò ní orí. Ajẹ́lẹ̀ ni aṣojú tí Ìbàdàn gbé sí ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀. Òun ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀, òun ló ń wo ẹnu ọba. Ìlú ló ń bọ́ ọ, ìlú ló ń bọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn yìí ló sì burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1878, Fábùnmi, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, pa ajẹ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ìtàn ẹnu ìlú ní ọ̀rọ̀ ìyàwó ló bí i nínú. Ohun tó dá mi lójú ni pé iná náà kò dúró sí Òkè-Ìmẹ̀sí. Ìlú mìíràn dìde sí ajẹ́lẹ̀ tiwọn. Ìyàwó ẹnì kan kò lè gbé odidi ilẹ̀ dìde bí ilẹ̀ náà kò bá ti gbẹ de iná.

Ẹkìtì Parapọ̀ ti ojú ogun wá ńkọ́? Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà: pa, ara, pọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n di ọ̀kan. Ẹkìtì kò ní ọba kan ṣoṣo tó jókòó lé gbogbo wọn lórí. Ọọ̀rẹ̀ Ọ̀tùn wà láyè rẹ̀, Èwí wà ní Adó, Ajerò wà ní Ìjerò, Ẹlẹ́kọ̀lé wà ní Ìkọ̀lé, bẹ́ẹ̀ ni ó lọ. Olúkúlùkù ló mú ọmọ ogun tirẹ̀ wá, abẹ́ balógun tirẹ̀. Ara ni wọ́n pa pọ̀, orí kálukú ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Nítorí náà ni mi ò ṣe fẹ́ràn kí wọ́n máa túmọ̀ rẹ̀ sí "Ẹkìtì Ìṣọ̀kan". Kò sì mọ sí ìpínlẹ̀ Ẹkìtì tí a mọ̀ lónìí, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996. Ìjẹ̀ṣà wà nínú rẹ̀ gbọingbọin, Ìlá wà níbẹ̀, Ìgbómìnà àti Àkókó pẹ̀lú. Ìlọrin náà bá Ìbàdàn jà láti apá tirẹ̀. Ògèdèǹgbé tó wá di olórí ogun yìí, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Mo ti gbọ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè é ní ọmọ Adó, ará Iléṣà kan tó wà nítòsí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ da ọtí sí i lára.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ojú ogun. Àwọn kan rò pé Òkè-Ìmẹ̀sí ni wọ́n ti jà á. Òkè-Ìmẹ̀sí ti Fábùnmi wà ní ìpínlẹ̀ Ẹkìtì. Ìmẹ̀sí-Ilé tí Ẹkìtì Parapọ̀ pàgọ́ sí, ìlú mìíràn ni, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló wà. Ìgbájọ tí Ìbàdàn pàgọ́ sí, Ọ̀ṣun náà ni. Àárín ibùdó méjèèjì ni kírìjì ti dún.

Ó wá kan gígùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ pé 16 yín kì í ṣe irọ́ pátápátá. Láti 1877 sí 1893, ọdún 16 ló jẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877? Ìjà Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá ni, lórí ọ̀nà àti ẹ̀tù. Ẹkìtì kò tíì sí nínú rẹ̀. 1878 ni Fábùnmi ṣe tirẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún náà ni Ìbàdàn sì fọ́ àwọn tó dìde sí i ní Ìkìrun, nínú ogun tí wọ́n ń pè ní Jálumi. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tún ara mú, tí wọ́n wá kojú ara wọn láàárín àwọn òkè. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó kó Ìbàdàn jáde, ibùdó ló kú sí ní 1885, kò rí òpin rẹ̀. Ní 1886 ni gómìnà Èkó rán àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, lọ sí àgọ́ méjèèjì, ní oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ 23, wọ́n kéde àlàáfíà. Ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún náà gbà pé Ẹkìtì kò sí lábẹ́ Ìbàdàn mọ́. Ìyẹn ni wọ́n ń jà fún. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi, ibẹ̀ ni Kírìjì parí sí.

Kí ló wá ṣẹ́ kù di 1893? Ìbàdàn kò lè lọ sílé nítorí Ìlọrin ṣì ń halẹ̀ mọ́ ọn, Ẹkìtì náà kò fẹ́ tú ká kí ó má lọ di pé wọ́n tàn wọ́n jẹ. Wọ́n jókòó. Ibùdó di ìlú: wọ́n kọ́lé, wọ́n dáko, ọmọ kékeré dàgbà níbẹ̀. 1893 ni Carter, gómìnà Èkó nígbà náà, wá tú àgọ́ ká. Ọdún 16 tí à ń kà, ìdúró pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìjà lọ. Ó sì tún jẹ́ pé 16 dùn létí wa jù: Odù mẹ́rìndínlógún, ọba Ẹkìtì mẹ́rìndínlógún, ogun ọdún mẹ́rìndínlógún. Nọ́ńbà tó bá ti bá orin mu, kò sẹ́ni tó ń tún un kà.

Ẹ tiẹ̀ jẹ́ ká fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní 16. Ogun abẹ́lé Àǹgólà bẹ̀rẹ̀ ní 1975, 2002 ló parí. Ti Sri Lanka, 1983 sí 2009. Guatemala, 1960 sí 1996, ọdún 36. Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yà kan náà la ní lọ́kàn." Ó dáa. Àwọn ìdílé ọba Gẹ̀ẹ́sì méjì jà láti 1455 sí 1487, Gẹ̀ẹ́sì sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń pè é ní ogun òdòdó rósì. Ní Jàpáàní, ìyá rẹ̀ ni: láti 1467 ni àwọn ìjòyè ti bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn jà, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó rọlẹ̀. Tíṣà yín ló jàre níbí.

Ibi tí òun náà kò fọwọ́ bà ni "abẹ́lé". Ilé ta ni? Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sí ẹnu jẹ. Ní ọdún 1880, bí ẹ bá bá ọmọ ogun kan pàdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé tí ẹ bi í pé Yorùbá ni ọ́, ó ṣeé ṣe kó fi ìbọn tọ́ yín sọ́nà Ìgbájọ. Yorùbá nígbà náà, ará Ọ̀yọ́, tí Ìbàdàn jẹ́ ara wọn, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹkìtì ni Ẹkìtì, Ìjẹ̀ṣà ni Ìjẹ̀ṣà. Johnson fúnra rẹ̀, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ parí ní 1897 tí wọn kò tẹ̀ jáde títí di 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, Ọ̀yọ́ ló fi ń ṣe Yorùbá gangan. Ojú Ọ̀yọ́ ló fi ń wò. Ẹ máa kà á bẹ́ẹ̀. Kò sí ìjọba kan tí Ìbàdàn àti Ẹkìtì jọ wà nínú rẹ̀ tí ó fọ́ sí méjì. Ìlú kan ń jọba lórí ìlú mìíràn, ìlú mìíràn ní òun ò gbà mọ́. Bí wọ́n bá ṣe irú rẹ̀ sí òyìnbó, ogun òmìnira ni à bá pè é, kì í ṣe ogun abẹ́lé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì wà. Nínú ìwé àdéhùn 1886 kan náà, wọ́n kọ ọ́ pé Aláàfin Ọ̀yọ́ àti Ọwá, ọba Iléṣà, yóò wà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, bí ó ti wà rí. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni ìyẹn, ọ̀rọ̀ ilé Odùduwà. Nítorí náà ẹni tó bá pè é ní abẹ́lé nítorí ẹbí, n kò ní bá a jà. Ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ nítorí orílẹ̀-èdè ló ṣi ọ̀nà: orílẹ̀-èdè náà kò tíì sí.

Ó ku ti pólò yín. Ẹ kọ "Kírìjì. Ẹkìtì Parapọ̀, 1878–1886" sí i, ẹ fi "gùn jù lágbàáyé" sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní ohun mìíràn. Ẹ bá ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sọ ọ́ kó fi àmì ohùn sí Kírìjì, torí láìsí àmì, ìbọn náà kò dún. Bí ẹ bá fi àwòrán Ògèdèǹgbé sí iwájú, ẹ kọ Iléṣà sí abẹ́ rẹ̀ kí ẹ lè rí àlejò gbà. Bí ẹ bá sì fẹ́ ya ìbọn, ẹ má ya ṣakabùlà.